Ìyá Ọkọ Inú Fíìmù

Abọ́sẹ̀dé ọ̀rẹ́ mi, obìnrin kan ń bẹ tó jẹ́ pé ìyá ọkọ burúkú ló máa ń ṣe nínú fíìmù. Bí wọ́n bá ti ń wá ẹni tí yóò lé ìyàwó ọmọ rẹ̀ jáde nílé, òun ni wọ́n ń pè. Àwa tí a ń kun òṣèré lójú a máa ń fi tìróò fa ojú rẹ̀ sókè, títí yóò fi le koko.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà lọ fẹ́ ọmọbìnrin tí kì í jẹ́ kí fíìmù kankan kọjá òun, tó ti kórìíra ìyá yìí kó tó kí i lójúkoojú. Bí ìyá bá gbé ọbẹ̀ wá, ìyàwó á dúpẹ́, á sì dà á nù, nítorí nínú fíìmù, ìyá ọkọ tó bá ń rẹ́rìn-ín ti bu nǹkan sọ́bẹ̀. Ìyá mọ̀. Ó kàn ń gbé òmíràn wá ni.

Ibi tí a ti ń ya fíìmù ni ìyá wà nígbà tí wọ́n pè é pé ìyàwó ti bímọ, ó ti délé. Kò dúró nu tìróò kúrò lójú. Ó ra ọṣẹ dúdú, kàn-ìn-kàn-ìn àti òrí, torí ìyá ọkọ ló ń wẹ ọmọ tuntun nílé wa, ìyá tó bí ìyàwó sì ti kú. Ìyàwó yọjú lójú fèrèsé, ó rí ojú inú fíìmù yẹn gan-an, ló bá ti ilẹ̀kùn pa.

“Mọ́mì, ẹ má bínú. Èmi fúnra mi ni mo máa wẹ̀ ẹ́.”

“Kò burú, ìyàwó mi.”

Ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́ tí ọmọ ké. Nígbà tó yá, ó gbọ́ tí ìyá ọmọ náà ń sunkún. Kò kan ilẹ̀kùn.

“Jókòó sórí àpótí,” ìyá ọkọ ní láti ìta. “Na ẹsẹ̀ méjèèjì, kí o tẹ́ ẹ lé wọn. Fi ìgúnpá kan omi ná.”

“Ó ń yọ̀ lọ́wọ́ mi, Mọ́mì.”

“Gbogbo ọmọ ló ń yọ̀. Ti bàbá rẹ̀ tiẹ̀ kọjá báyìí. Ẹja ni mo ń pè é.”

Ìyàwó rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Lẹ́yìn náà ó ṣílẹ̀kùn, ọmọ wà lápá rẹ̀, ọṣẹ ṣì wà lára ọmọ.

“Ẹ wá bá mi wẹ̀ ẹ́.”

Ìyá ká aṣọ sókè, ó gba ọmọ ọmọ rẹ̀.

Abọ́sẹ̀dé, ọ̀la ni ìyá ọkọ tìrẹ ń bọ̀ láti Òkèihò wá wẹ ọmọ, o sì ti ń wá irọ́ tí o máa fi dá wọn padà. O ní ẹnu wọn le. Ẹnu tèmi náà le, a ṣì jọ ń jẹun. Nínú fíìmù, ẹni tó kọ ìtàn ti mọ ẹni burúkú kí onítọ̀hún tó wọlé. Ìwọ ò tíì mọ̀. Jẹ́ kí wọ́n wọlé ná, kí o wo ohun tí ọwọ́ wọn máa ṣe. Bí wọ́n bá sì burú lóòótọ́, èmi fúnra mi ni mo máa bá ọ gbé ẹrù wọn dé gáréèjì.