Ọ̀gá Tó Gbé Pàṣán fún Ọmọdé

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tó fi ń yangàn láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé ilé-ìwé òun kì í pariwo. Ó ní ewúrẹ́ gan-an tó bá ṣèèṣì wọlé, ẹsẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ ló fi ń rìn.

Ọgbọ́n tó dá kò le. Ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ó mú ọmọ tó sígbọnlẹ̀ jù, ó fi í ṣe mónítọ̀, ó sì gbé pàṣán lé e lọ́wọ́. Àwọn olùkọ́ dúpẹ́, torí ó jẹ́ kí wọ́n ráyè jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, kí wọ́n máa ṣòfófó ilé onílé. Àwọn òbí náà dúpẹ́. Àwa náà ni, tọ́mọ bá ti dákẹ́, a ní ó lẹ́kọ̀ọ́. Òkúta ìbá ti gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ wa.

Mónítọ̀ kíláàsì kẹta jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ti fìdí rẹmi rí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ tọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń gbàyè, àyè náà kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹran orí ìrẹsì ni. Ẹni tí kò bá ní ẹran, kó pa á mọ́ra, tàbí kó jẹ pàṣán.

Ọmọdébìnrin kan wà níbẹ̀ tí oúnjẹ rẹ̀ kì í ní ẹran. Òun náà dá ọgbọ́n tirẹ̀: kò mu omi mọ́ láti àárọ̀ títí wọn ó fi jáde. Lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú gidi, wọ́n tò síta, wọ́n ń kọrin, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbalaja. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ gbé e wọ ọ́fíìsì, ó gbé omi sí i lẹ́nu. Ọmọ pa ẹnu dé.

"Mu ún."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mi ò ní ẹran lónìí."

Ọ̀gá rò pé ibà ti wọ̀ ọ́ lórí. Ó bi í pé kí ló kan ẹran nínú ọ̀rọ̀ omi. Ó bi í títí ọmọ fi tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ó wá béèrè ìdí tí kò fi tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀yin lẹ fún un ní pàṣán, sà."

Ọ̀gá ká apá ẹ̀wù sókè, ó gba kíláàsì kẹta lọ bí ìjì. Ó já pàṣán gbà. Mónítọ̀ kúnlẹ̀, ó ní ṣebí ọ̀gá ló ní kí òun máà jẹ́ kí kíláàsì pariwo. Ọwọ́ ọ̀gá dúró lókè. Ta ni kó nà? Ọmọ ọdún mọ́kànlá la gbé adé lé lórí, ẹnu wá ń yà wá pé ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀.

Ó dá pàṣán náà sí méjì, ó kó èyí tó kù ní gbogbo kíláàsì, ó dáná sun wọ́n. Ó ní kí mónítọ̀ tọrọ àforíjì, kó sì padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó lé àwọn olùkọ́ kúrò lábẹ́ igi wọ kíláàsì. Nígbà ìsinmi, òun fúnra rẹ̀ lọ ń dúró lẹ́bàá ṣáláńgá. Olùkọ́ kan ní ọ̀gá ti gbòyè, ó ti di baálẹ̀ ṣáláńgá. Ọ̀gá gbọ́, kò yẹsẹ̀. Òjò pa á, kò yẹsẹ̀. Ó dúró títí àwọn ọmọ kékeré fi ń sáré kọjá lára rẹ̀ láìwẹ̀yìn. Ariwo gba ilé-ìwé kan. Alága àwọn òbí wá béèrè ohun tó bàjẹ́.

Ọ̀gá ní, "Wọ́n ti ń mu omi."

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ jókòó yìí, ẹ ti fi ọ̀gá rẹ́rìn-ín tó. Ó kàn yín wàyí. Ọmọ yín tó ń di aṣọ yín mú lẹ́nu géètì, tó ní inú ń run òun, ṣebí "Ọ̀lẹ, wọlé" lẹ máa ń wí, ọ̀kadà yín á sì ti lọ. Lọ́la, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ bi í léèrè ẹni tó ń bà á lẹ́rù, kí ẹ gba ohun tó bá sọ gbọ́, ì báà jẹ́ ọmọ ọ̀rẹ́ yín ló dárúkọ. Ẹ mú un lọ́wọ́ lọ bá olùkọ́, kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí wọn ó fi sọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ọjà ò ní sá lọ.