Ìdí Tí Reluwé Oníná Fi Ń Dúró Nígbà Yìnyín

Nígbà láéláé, ní ìlú òtútù kan, Reluwé kì í dúró lójú ọ̀nà. Oòrùn ni o, òjò ni o, eré ló ń sá.

Iná mànàmáná ló ń bọ́ ọ. Iná ń gbé inú irin gbọọrọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, Reluwé a sì máa fọwọ́ kàn án bó ṣe ń lọ. Bí ọwọ́ bá ti kan irin, agbára dé.

Yìnyín náà ń gbé ìlú ọ̀hún. Ó funfun bí òwú, ọmọ rẹ̀ sì pọ̀ lọ súà. Bí wọ́n bá ń ṣeré lójú ọ̀nà, Reluwé a rọra, a fọn fèrè, wọn a sì yà fún un. Àdéhùn wọn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìyìn àwọn èrò kó sí Reluwé lórí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kò rọra, kò fọn fèrè. Ó gba àárín àwọn ọmọ náà kọjá, ó tú wọn ká fùú.

Yìnyín pariwo, "Reluwé, o ò rí àwọn ọmọ mi ni?"

"Ẹ kó wọn kúrò lọ́nà! Mo ń kánjú."

Yìnyín kò bá a jà. Ó kàn lọ nà gbalaja sórí irin tí Iná ń gbé, ó sì dì gbagidi.

Reluwé nawọ́, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀. Iná ta pàrà, ó tún ta pàrà, agbára kò wọlé. Ni Reluwé bá dúró lórí afárá, tòun ti èrò inú rẹ̀.

"Iná, ibo lo wà?"

"Mo wà níbí. Yìnyín ló dùbúlẹ̀ sáàárín wa."

Agbẹ̀bí kan tó ń jẹ́ Ìbídùn yọrí lójú fèrèsé.

"Yìnyín, ẹ jọ̀ọ́, ọlọ́mọ lẹ̀yin náà. Aboyún kan ń rọbí lódìkejì odò, èmi ló ń retí."

Reluwé rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ forí jì mí, ìyá. Mo jẹ̀bi."

Yìnyín mí kanlẹ̀. "Nítorí ọmọ tó ń bọ̀ ni màá ṣe dìde. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, màá máa wá dùbúlẹ̀ síbí, kí o má baà gbàgbé."

Ó yọ́ díẹ̀díẹ̀, kò kánjú, títí Reluwé fi tún gbéra. Nígbà tí Ìbídùn fi dé ilé aboyún náà, ọmọ ti bọ́ sọ́wọ́ ìyá àgbà ilé náà, ó ku ìwọ́ nìkan láti gé. Ó gbé ọmọ náà sókè. Ọmọ ké, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni yìnyín ti máa ń bo irin nígbà òtútù, tí iná ń ta pàrà lábẹ́ ọkọ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jí ní kùtùkùtù lọ ha yìnyín kúrò lára irin, tí reluwé sì ń rọra rìn bí ọmọ tó ń gba ẹ̀yìn àgbà kọjá.