Àfè àti Ọ̀nà Tẹ́ẹ́rẹ́

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ààlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó já pàtì sójú ọ̀nà igbó, ó dá lórí Àfè àti Málọmọ́ ọmọ rẹ̀.

Ẹ sún mọ́bí. Àfè yìí, eku kékeré ni. Ó bímọ, ọdẹ pa á. Ó bí òmíràn, ọdẹ pa á. Èyí tó ṣẹ́kù ló sọ ní Málọmọ́. Ló bá mú un lọ sọ́dọ̀ Òkété, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ẹranko bí wọ́n ṣe ń dá ohun tí ọdẹ dẹ mọ̀. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni: ẹbìtì olókùúta, ojú ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Okùn, ojú náà ni. Tàkúté onírin tí wọ́n rì sábẹ́ ilẹ̀, imú nìkan ló ń mọ ìyẹn. Málọmọ́ ti mọ ẹbìtì. Ó ti mọ okùn. Ti tàkúté ló kù.

Ìgbà yẹn ni Erin ọba gbẹ́sẹ̀ lé odò, ó lóun nìkan ni yóò máa mu ún. Ọ̀fun gbogbo ẹranko gbẹ háúháú. Àáyá bá kó wọn jọ, ó ní kí gbogbo wọn jókòó sójú ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má kọjá, títí Erin yóò fi yọ ẹsẹ̀. Ẹ̀tọ́ wọn ni o. Àfè náà jókòó, omi ò sí nílé tiẹ̀ náà. Àmọ́ ọ̀nà yẹn gan-an ló lọ sílé Òkété.

Ọjà dé, ọjà lọ. Málọmọ́ ń ṣeré kiri igbó. Àyà ìyá rẹ̀ ń já. Ó lọ bá Àáyá, ó ní òun ò ní kí wọ́n tú ká, kí wọ́n kàn sún díẹ̀ fáwọn ọmọ. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ sún díẹ̀ fún mi o,
Tẹ́ẹ́rẹ́!
Ọmọ ń lọ kẹ́kọ̀ọ́,
Tẹ́ẹ́rẹ́!
Ẹyọ kan ló kù o,
Tẹ́ẹ́rẹ́!

Àáyá mi orí. “Àfè, o mọ ọjà á ná. Àyè tá a bá là fún eku, ibẹ̀ ni Erin á gbà kọjá.”

Àfè lọ bá Òkété níbi tí òun náà jókòó sí láàárín wọn, ó ní kó wá máa kọ́ wọn nílé òun láàárọ̀ nìkan. Òkété ní ìyẹn ti pọ̀ jù. Àfè já a wálẹ̀, ó ní ẹ̀kọ́ ẹyọ kan náà tó. Ó korin: tẹ́ẹ́rẹ́! Òkété wolẹ̀, ó ní ẹgbẹ́ á pe òun lọ́dàlẹ̀, ọ̀fun gbígbẹ ò sì ṣeé fi kọ́ni.

Àfè lọ bá Erin, ó ní kó yọ ẹsẹ̀ kan péré kí omi ṣàn. Ó korin: tẹ́ẹ́rẹ́! Erin rẹ́rìn-ín.

“Ìyá Málọmọ́, ṣé èmi ni mo jókòó sójú ọ̀nà?”

Ẹ ò rí i? Kálukú ló lẹ́jọ́ rere lẹ́nu. Ọmọ ò sì rí ẹ̀kọ́ kọ́.

Nígbà tó yá, ebi mú Erin, torí kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ tó máa gbé oúnjẹ wá. Ó yọ ẹsẹ̀. Omi tú yàà! Gbogbo igbó ń jó. Àfè bu omi sínú ewé, ó ń wá ọmọ rẹ̀ kó fún un mu.

Málọmọ́ ti rí ẹyìn pupa kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ó wò ó, kò rí òkúta. Ó wò ó, kò rí okùn. Ó bá ki ẹnu bọ̀ ọ́.

Pàù!

Omi dànù lọ́wọ́ Àfè. Ó korin:

Málọmọ́, dá mi lóhùn o…

Ẹ má gbè é. Kò sẹ́ni tó gbè é lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn ni Òkété ò ti lè wojú ọ̀sán mọ́, òru ló ń jáde. Àáyá náà, ilẹ̀ ò gbà á jókòó mọ́, orí igi ló ń gbé.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ rèé: ẹ jà fún ẹ̀tọ́ yín, ẹni tí ò bá jà, Erin á tẹ̀ ẹ́ pa. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá ń jókòó sójú ọ̀nà, ẹ fi tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ fọ́mọdé. Gbogbo ọjà ló ṣeé padà wá ná. Ẹ̀kọ́ tó fo ọmọ, kò ṣeé padà ná.

Ibi tí mo bá a dé rèé. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí tàkúté mú ahọ́n mi.