Ẹni Tó Dáhùn fún Bàbá Gáàdì

Ọkùnrin kan wà tó mọ ohùn ènìyàn í fara wé. Tó bá sọ̀rọ̀ bí ìyàwó rẹ̀, ìyàwó náà á yíjú wò. Tó bá sọ̀rọ̀ bí pásítọ̀ wọn, àwọn tó wà nítòsí á ti dijú fún àdúrà kí wọ́n tó mọ̀ pé àwàdà ni. Amẹ́ríkà ló ń gbé. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì.

Òun àti àwọn ọmọ Yorùbá kan tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì dá ẹgbẹ́ ìrìn-àjò sílẹ̀. Ilé mẹ́jọ ni wọ́n. Ilé kọ̀ọ̀kan ní mọ́tò onílé, irú èyí tó gùn tó bọ́ọ̀sì, tí ibùsùn àti ààrò àti ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ọmọ bá ti gba ìsinmi, tàbí bí ara bá ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́, wọ́n á tò tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n á lọ pàgọ́ síbi tí ojú ò tíì rí.

Alága ló máa ń ṣíwájú. Ẹni tó máa ń kẹ́yìn ni bàbá àgbàlagbà kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ní ìgbà èwe rẹ̀, iṣẹ́ reluwé ló ṣe nílé. Gáàdì ni, ẹni tó ń jókòó sínú yàrá tó kẹ́yìn ọkọ̀, tí ọkọ̀ ò gbọdọ̀ ṣí àfi tó bá ju àsíá aláwọ̀ ewé. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń pè é ní Bàbá Gáàdì, òun náà ló sì kọ́ ẹgbẹ́ ní àṣà kan. Bí wọ́n bá dé oríta, Alága á dúró, á sọ sínú wókitókì, rédíò tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ láti mọ́tò sí mọ́tò, pé, "Ẹ̀yìn ńkọ́?" Bàbá á wúkọ́ díẹ̀, á wá fa ohùn gùn: "Ẹ̀yìn dé-e-e." Ìgbà náà ni Alága á tó yà. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì sọnù.

Aláwàdà yìí a máa ṣe ohùn Bàbá níbi àsè. Á wúkọ́, á fà á, gbogbo ènìyàn á máa di ikùn mú. Bàbá fúnra rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín. Á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o máa jí ohùn mi gbé lọ́jọ́ kan."

Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún kan, wọ́n gbéra lọ sí ọgbà ńlá kan tí ìjọba dá sí àárín aṣálẹ̀. Àwọn òyìnbó ti ń kúrò níbẹ̀ nítorí ooru, ìdí tí wọ́n fi rí àyè nìyẹn. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ fún wọn pé fóònù kò ní ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá ti wọlé. Ó ní kí olúkúlùkù máa mójú tó ẹnì kejì rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Òkúta pupa àti iyanrìn ni wọ́n ń rí lọ. Kò sí igi tó tó ènìyàn sá sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n, wọ́n dé oríta tí ọ̀nà ibùdó ti yà kúrò lójú títì. Alága dúró.

"Ẹ̀yìn ńkọ́?"

Wọn kò gbọ́ nǹkan kan.

"Bàbá, ẹ̀yìn ńkọ́?"

Mọ́tò méje dúró nínú oòrùn. Obìnrin kan bọ́ sórí wókitókì. Ó ní, "Alága, ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre. Ẹran tí mo gbé wá ti fẹ́ jinná fúnra rẹ̀."

"Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀yìn."

"Ẹ̀yìn ń bọ̀ náà ni. Ìgbà wo ni Bàbá sáré rí?"

Aláwàdà ló wà ní ipò keje. Òun ló yẹ kó rí Bàbá. Ó wo jígí. Eruku tí mọ́tò tirẹ̀ gbé sókè ló rí, ó sì rí ooru tó ń jó lójú títì. Ó ti tó ogún ìṣẹ́jú tó ti rí Bàbá kẹ́yìn. Ara rẹ̀ ń gbóná, ebi ń pa á, òmùgọ̀ inú rẹ̀ sì sọ fún un pé ẹ̀rín ló kù tí ìrìn-àjò náà nílò. Ó gbé wókitókì sẹ́nu. Ó wúkọ́ díẹ̀.

"Ẹ̀yìn dé-e-e."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Aláwàdà dúró kí àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, kí Alága sì bú u. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Alága ní, "A dúpẹ́, Bàbá. Ó yá o."

Ó yẹ kó sọ nígbà náà pé òun ni. Ṣùgbọ́n mọ́tò iwájú rẹ̀ ti ṣí.

Ní ibùdó, wọ́n ta aṣọ ìbòòji, wọ́n gbé àga síta, wọ́n bu oúnjẹ. Àyè mọ́tò kẹjọ ṣófo. Ìyàwó Alága wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá Gáàdì ńkọ́?"

Alága ní, "Wọ́n dáhùn ní oríta. Bóyá wọ́n dúró wo òkúta." Ó kọjú sí aláwàdà. "Ìwọ lo wà níwájú wọn. Ṣé o rí wọn?"

"Wọ́n ń bọ̀."

Bó ṣe di pé ó dáhùn fún Bàbá lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Èyí kì í ṣe àwàdà mọ́.

Ó wọ inú mọ́tò rẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó pa ilẹ̀kùn dé.

"Bàbá Ìbídùn, ẹ̀yin lẹ dáhùn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ lọ sọ fún wọn."

"Tí Bàbá bá yọ báyìí ńkọ́? Kí n lọ sọ ara mi di ẹlẹ́yà lásán?"

"Ẹ ti fi ara yín ṣe ẹlẹ́yà fún ogójì ọdún, kò pa yín. Nọ́ọ̀sì ni yín. Ẹ mọ ohun tí ooru ń ṣe fún arúgbó."

Ó mọ̀ ọ́n. Ó mọ bí ahọ́n ṣe ń gbẹ, bí òógùn ṣe ń dáwọ́ dúró, bí arúgbó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó ti kú. Ó mọ iye wákàtí tí ó ń gbà. Ó jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú gbogbo ohun tó mọ̀ yìí.

Ó ní, "Jẹ́ kó di aago méjì."

Aago méjì lù. Ó ní kó di aago mẹ́ta. Níta, ẹni tó bá béèrè Bàbá, Alága á ní ṣebí wọ́n ti dáhùn. Nígbà tí aago mẹ́ta kọjá, ìyàwó aláwàdà kò dúró mọ́. Ó bọ́ síta, ó dúró láàárín àwo oúnjẹ àti àga wọn.

"Kì í ṣe Bàbá ló dáhùn ní oríta. Ọkọ mi ni."

Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí ojú Alága, ó panu dé.

Máìlì mọ́kànlá sí ẹ̀yìn oríta ni wọ́n ti bá Bàbá. Bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ìbòòji mọ́tò ló jókòó sí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ti yí, ìbòòji ti fi í sílẹ̀, kò sì lágbára láti tẹ̀ lé e. Wókitókì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣì ń mí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ló fi rédíò pe hẹlikópítà tó gbé e dé ilé ìwòsàn.

Ní ọjọ́ kẹta, aláwàdà lọ síbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ńtì. Bàbá ló sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìwọ̀nba ohùn tó kù fún un.

"Bátìrì wókitókì mi ti lọ sílẹ̀. Ó ṣì ń gbọ́. Kò lè sọ mọ́."

"Bàbá, ẹ sinmi."

"Mo gbọ́ Alága. Mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń pariwo. Ó tún pè mí. Mo ní kò burú, kò ní lọ láìgbọ́ mi, kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí." Ó wúkọ́ díẹ̀. "Ìgbà náà ni mo gbọ́ ara mi pé mo ti dé."

Aláwàdà gbé ojú rẹ̀ mọ́ ilẹ̀.

"Mo wá mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ní padà. Mo bá da gbogbo omi tó kù fún mi, títí kan ti mímu, sínú ẹ̀rọ mọ́tò tó ti gbóná jù, kí n lè lé yín bá."

Aláwàdà ń retí kí Bàbá ṣépè. Bàbá ò ṣépè. Ó yíjú sí ògiri. Ní ọjọ́ kejì, ó kú.

Nígbà tí àwọn ọmọ Bàbá pè láti ilé láti béèrè bó ṣe jẹ́, Alága ní ooru ni. Aláwàdà wà níbẹ̀. Ó gbọ́ tí wọ́n tún ń dáhùn fún Bàbá, ó sì tún dákẹ́.

Ẹgbẹ́ náà ṣì ń rìnrìn-àjò. Ṣùgbọ́n Alága kì í fi ẹnu béèrè ẹ̀yìn mọ́. Bí wọ́n bá dé oríta, á sọ̀kalẹ̀, á fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn títí dé ẹ̀yìn pátápátá, á sì fọwọ́ kan mọ́tò tó kẹ́yìn.

Adéyanjú, kì í ṣe nítorí àwọn ará Amẹ́ríkà ni mo ṣe sọ èyí fún ọ. Òpópónà kejì sí ṣọ́ọ̀bù rẹ yìí ni ìyá rẹ ń gbé. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ wà lókè òkun, ìwọ ni wọ́n fi sí ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ Àìkú, ojú mi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ṣe pè ọ́. Ó ní, "Màmá ńkọ́?" O ò gbójú sókè nínú ọjà tí ò ń tò. O ní, "Wọ́n wà dáadáa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Wọ́n kí ọ."

Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń bọ̀ yìí. Èmi àti aládùúgbò wọn la gbé wọn dìde nílẹ̀. Láti ọjọ́ Ẹtì ni ẹsẹ̀ wọn ti wú tí wọn ò lè dé ìdí ààrò. Ẹ̀gbọ́n rẹ tún ti pè sórí fóònù aládùúgbò náà lánàá, ó kí wọn kú oúnjẹ tí wọn kò jẹ. Ìyá rẹ gbọ́ pé ara wọn le, àti pé wọ́n ti yó. Wọn ò jiyàn. Wọn ò fẹ́ dójú tì ọ́.

Ti ṣọ́ọ̀bù yìí. Má pe fóònù. Fẹsẹ̀ rìn lọ, kí o sì fọwọ́ kàn wọ́n, kí o tó tún la ẹnu rẹ dáhùn fún wọn.