Ìbọn Ọdẹ́níyì Nínú Àgbẹ̀dẹ Ògúngbèmí

Ní ìlú Òkè-Aparò, kò sí ẹni tí kò mọ Ọdẹ́níyì, kò sì sí ẹni tí Ọdẹ́níyì kò tíì sọ ìtàn ìbọn rẹ̀ fún. Ọdẹ gidi ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn. Ká má purọ́, ìbọn náà tó ohun tí ènìyàn ń fi yangàn. Bàbá rẹ̀ ni ó gbà á lọ́wọ́ oníṣòwò etí òkun kan nígbà ogun. Kì í ṣe ṣakabùlà tí à ń ki ẹtù sí lẹ́nu. Irin kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ó tẹ̀ kọrọdọ. Bí a bá fà á sísàlẹ̀, tí a tún dá a padà sókè, ọta mìíràn ti bọ́ sí ipò nìyẹn. Àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní Fà-á-tún-fà.

Fà-á-tún-fà yìí ni odi ìlú. Ogun ti parí nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun kan ṣẹ́kù tí wọn kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n máa gba oúnjẹ olóúnjẹ lọ. Abógundé ni olórí wọn. Ogun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ ti lọ, òun kò lọ. Ó ti kó iṣu gbogbo abúlé àyíká, títí kan èèbù tí wọ́n fẹ́ gbìn, ebi sì fi ojú wọn rí màbo. Òkè-Aparò nìkan ni kò yà sí, nítorí ìbọn kan ṣoṣo yìí.

Wàhálà dé nígbà tí ọta ìbọn náà tán. Ọta tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gùn ni ó ń jẹ, àwọn oníṣòwò kò sì kó irú rẹ̀ wá mọ́. Ọta kúkúrú, tí ó sanra, ni ó kún ọjà. Ọdẹ́níyì gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó mú ìkarahun ọ̀kan nínú àwọn ọta kúkúrú náà dání, ó sì tọ Ògúngbèmí alágbẹ̀dẹ lọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi rọ ọta tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀.”

Ògúngbèmí yẹ ìkarahun náà wò. Arúgbó gbígbẹ kan ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àfi bí irin bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Irú ọta yìí kì í ṣe ohun tí à ń fi òòlù rọ. Ṣùgbọ́n bí ọta kò bá gba ti ìbọn, ìbọn ni yóò gba ti ọta. N ó yọ ọ̀pá rẹ̀, n ó fi ọ̀pá tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, n ó sì tún yàrá tí ọta ń sùn ṣe.”

Ọdẹ́níyì gbá ìbọn mọ́ àyà. “Ẹ fẹ́ gé ọrùn Fà-á-tún-fà?”

“Mo fẹ́ fún un ní ọ̀fun tí yóò fi jẹun ni. Àbí kí ebi pa á kú sí ọ lọ́wọ́?”

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀, àyà àwọn àgbà sì já. Wọ́n ní bí Abógundé bá gbọ́ pé ìbọn ti di wẹ́wẹ́ ńkọ́? Ògúngbèmí bínú, ó dìde. “Bí ó bá kó èèbù ìlú yìí nígbà tí ìbọn wà lọ́wọ́ mi, ẹ lé mi jáde, kí ẹ sì máa so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ nínú àgbẹ̀dẹ mi.” Ọ̀rọ̀ ńlá ni, nítorí inú àgbẹ̀dẹ yẹn ni wọ́n bí i sí, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ni wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí. Baálẹ̀ gbà, ó sì ní gbogbo ìlú ti gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà àwọn alágbẹ̀dẹ ìgbà náà. Ìbọn kì í sùn nínú àgbẹ̀dẹ tòun ti apátí rẹ̀, apátí tí à ń fi ìka fà kí ìbọn tó dún. Iná wà níbẹ̀, ọmọdé ń wọlé, ọmọdé ń jáde; nítorí náà olóhun gbọ́dọ̀ mú apátí lọ sílé. Èkejì, alágbẹ̀dẹ kì í purọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lára irin. Gbogbo ayé ló mọ méjèèjì.

Ọdẹ́níyì fi apátí sínú àpò, ó gba ọ̀nà ọjà kan tí ó jìnnà lọ láti ra ọta tuntun. Ìbá ṣe pé ó ń lọ jẹ́ẹ́! Ibikíbi tí ó bá ti mu omi ni yóò ti tú àpò. “Ẹ wò ó, apátí Fà-á-tún-fà rèé. Ìbọn ọ̀hún wà nílé alágbẹ̀dẹ, wọ́n ń yí ọ̀fun rẹ̀ padà.” Àwọn tí ó gbọ́ sọ fún àwọn tí kò gbọ́, kò sì pẹ́ tí ó fi dé etí ẹni tí kò yẹ kí ó gbọ́.

Ògúngbèmí kò mọ̀. Ó ti ki ọwọ́ bọ iṣẹ́. Ọ̀pá kan wà lókè àjà rẹ̀, ti ìbọn kan tí ìdí rẹ̀ jóná lójú ogun. Ó yún ìdí ọ̀pá náà títí ó fi bá ara ìbọn mu. Ó ń fẹ yàrá ọta díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ìkarahun wọ̀n ọ́n, ó ń fà á yọ, ó tún ń yún un. Lọ́jọ́ tí ìkarahun wọlé tí ó sì jókòó láìmì, arúgbó yìí bú sẹ́rìn-ín, òun nìkan nínú àgbẹ̀dẹ. Inú rẹ̀ dùn bí ìgbà tí wọ́n sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ bí àkọ́bí.

Ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí Abógundé fi dé. Ọ̀sán gangan ni, àwọn ọkùnrin wà lóko. Òun àti ọmọ ogun márùn-ún, pẹ̀lú àdá àti agbọ̀n ńlá, rọra gba iwájú àgbẹ̀dẹ kọjá, wọ́n doríkọ ọgbà èèbù. Àwọn obìnrin tí ń to iṣu níbẹ̀ ké tòò.

Ògúngbèmí jáde. Ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ ẹnu rẹ̀ sí àyà Abógundé.

Abógundé rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú. Kò ní apátí.”

“Òótọ́ ni,” ni alágbẹ̀dẹ wí. “Kò ní apátí. Ọwọ́ mi wà lára irin, mi ò lè purọ́. Máa bọ̀, wá gbà á.”

Abógundé gbé ẹsẹ̀ kan. Ògúngbèmí fa irin ìsàlẹ̀, ó dá a padà: kẹ́kẹ́! Ẹsẹ̀ tí ó gbé yẹn kò balẹ̀ síwájú. Ẹ̀yìn ni ó balẹ̀ sí. Ẹnu ìbọn tí ó ń wò ti fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó dúdú bí ihò òkété.

“Lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀,” ni ó wí fún igbákejì rẹ̀. “Ṣé o gbọ́ tí ó sọ pé kò ní apátí?”

“Mo gbọ́, ọ̀gá. Ẹ̀yin náà gbọ́. Ẹ ṣíwájú.”

“Ṣé èmi ni n ó gbé agbọ̀n ni, tí n ó tún gba ìbọn?”

Ibi tí wọ́n ti ń fa ìyẹn lọ́wọ́ ni Ògúngbèmí ti rọra ń yí ẹnu ìbọn ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá sì kàn ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. “Ẹ ju àdá sílẹ̀,” ni ó wí. Àdá ń dún gbàgà-gbàgà nílẹ̀. Àwọn obìnrin tú jáde pẹ̀lú ọmọ odó, wọ́n sì fi okùn tí wọ́n fi ń so iṣu di akin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bí ìtí igi. Ariwo ayọ̀ tí wọ́n pa ni ó pe àwọn ọkọ wọn wálé láti oko.

Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìlú wà ní iwájú Baálẹ̀, Ọdẹ́níyì sì dé láti ọjà. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀. Ó yọ apátí, ó nà án sókè. “Ẹ wo àwọn òmùgọ̀! Ọwọ́ mi ni apátí wà! Ìbọn tí kò ní apátí, kí ló fi yàtọ̀ sí igi ìdáná? Ọkùnrin mẹ́fà ń gbọ̀n níwájú igi ìdáná!”

Ẹ̀rín gba gbogbo agbo. Baálẹ̀ kọjú sí Abógundé. “O mọ̀ pé kò ní apátí. Alágbẹ̀dẹ fúnra rẹ̀ sọ fún ọ. Kí ló dé tí o fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀?”

“Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa,” ni Abógundé wí láti orí ìkúnlẹ̀. “Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀. Kí bàbá yìí kọ ìbọn náà sí ọdẹ tí ó ń bú mi, bí ó ṣe kọ ọ́ sí mi.”

Ògúngbèmí kò dúró gbàṣẹ. Ó yíjú sí Ọdẹ́níyì, ó fa irin, ó dá a padà: kẹ́kẹ́!

Ọdẹ́níyì dàwátì. Ìgbà tí wọn yóò fi rí i, ẹ̀yìn àga Baálẹ̀ ni ó dọ̀bálẹ̀ sí, fìlà rẹ̀ sì ti ṣí lọ.

“Ọdẹ́níyì, kí lo ń wá nílẹ̀?” ni Baálẹ̀ bi í.

“Apátí… apátí ni ó bọ́ lọ́wọ́ mi, bàbá.”

Apátí wà nínú ìkúùkù rẹ̀ gírígírí, gbogbo ènìyàn sì rí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Abógundé pàápàá rẹ́rìn-ín nínú okùn. Èèbù ìlú kò kúrò lọ́gbà; Baálẹ̀ sì fún àwọn olè ní ọkọ́ kí wọ́n lọ máa kọ ebè fún àwọn abúlé tí wọ́n ti kó iṣu wọn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ògúngbèmí fi apátí sí àyè rẹ̀. Ó so ìbọn mọ́ kùkùté, ó fi okùn fa apátí láti ẹ̀yìn ògiri, nítorí alágbẹ̀dẹ gidi kì í fi èjìká ẹlòmíràn dán iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Ìbọn dún, ọ̀pá kò yẹ̀, yàrá kò là. Ọdẹ́níyì wá gbé e kọ́ èjìká, ó sì fọ́ akèrègbè tí wọ́n fi kọ́ igi lọ́nà jíjìn. Àwọn ènìyàn gbé alágbẹ̀dẹ sókè, wọ́n yí ìlú ká pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n akèrègbè kọ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n jókòó ti oúnjẹ. Ọdẹ́níyì tí ó di apátí mú lọ́wọ́, tí ó tún sá pamọ́ sẹ́yìn àga, ni.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ìbọn sí òun?