Ilé Tí Kò Ní Lo Ẹ́síì

Ẹni tó ní òun máa dáṣọ fún ẹ, ti ọrùn ẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò. Ìyá Fadérera fẹ́ wó ilé pákó tí ọkọ ẹ̀ fi sílẹ̀ létí òkun, torí Gbénró tó ń yàwòrán ilé ti ṣèlérí fún un pé: "Màmá, ilé ìgbàlódé ni mo yà fún yín. Atẹ́gùn òkun á máa fẹ́ wọlé, ẹ ò ní lo ẹ́síì láéláé."

Màmá fura. Kí wọ́n tó wó o, ó yọ sí Gbénró nílé lọ́sàn-án. Abẹ́ igi àgbọn níta ló ti bá a pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀, tí wọ́n ń làágùn.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Inú ilé ló gbóná díẹ̀."

"Ta ló yàwòrán ẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Ó dáa, ọmọ mi. Kọ́kọ́ júwe ilé tìẹ fún atẹ́gùn náà ná. Tó bá débẹ̀, kó o ránṣẹ́ sí mi."