Ẹ̀wù Òtútù tí Fadérera Hun fún Àbúrò Rẹ̀

"Ọyẹ́ kì í dúró de ẹni tó ń tú ẹ̀wù hun." Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà wa títí ó fi sú yín. Àmọ́ ṣé ẹ mọ ẹni tó ń tú ẹ̀wù, àti ẹni tí ọyẹ́ ká mọ́lé? Èmi mọ̀ ọ́n, nítorí pé ìyá tó bí ìyá mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọmọ ìyá méjì kan wà ní Òkè-Àwọ̀n. Fadérera ni ẹ̀gbọ́n, Ìbídùn ni àbúrò. Láti kékeré ni àrùn arọmọléegun ti ń bá Ìbídùn jà. Bí òtútù bá ti mú, eegun rẹ̀ á máa ro ó bí ẹni tí wọ́n ń fi òòlù lù. Ìyá wọn ló ń pọ̀n ọ́n kiri, òun ló ń fi òróró gbígbóná wọ́ ọ lẹ́sẹ̀, títí ó fi dàgbà tó relé ọkọ ní òkè ìlú. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá náà, ìbànújẹ́ mú kí Fadérera ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀ lójú gbogbo ẹbí, ó ní, "Ìwọ àti àìsàn rẹ lẹ pa ìyá wa."

Ìbídùn he gèlè rẹ̀ tó já bọ́ nílẹ̀, ó bá ọkọ rẹ̀ lọ. Ọdún méjì gbáko ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ èèyàn kò lè jẹ iṣu sísun kan tán kó tó ti ilé ọ̀kan dé ilé èkejì.

Fadérera mọ̀ pé òun ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, àmọ́ kò fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó ra òwú wúùlù aláwọ̀ osùn, ó lọ bá Ìyá Rúùtù, opó kan tó ń kọ́ni ní híhun. Ó ní òun fẹ́ hun ẹ̀wù òtútù fún àbúrò òun, kí ọrùn rẹ̀ ṣe ṣóńṣó wá sí àyà, kó dẹ̀ lára, kó jẹ́ èyí tí aláìsàn lè wọ̀ sùn, tó sì lè wọ̀ jáde.

Ìyá Rúùtù kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń hun ún láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ọrùn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Iwájú ọ̀tún àti iwájú òsì á máa sún mọ́ra díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi pàdé láyà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ya ọwọ́ sọ́tọ̀, tí ara ẹ̀wù á sì máa gùn lọ sí ìdí.

"Ohun tó dáa nínú irú èyí," Ìyá Rúùtù wí, "ni pé o lè wọ̀ ọ́ fún ẹni tó ni ín bó o ṣe ń hun ún lọ. Gbé e lọ bá a, kó o fi wọn ọrùn rẹ̀."

"Màmá, n ó kúkú fi wọn ara mi. Ọrùn kan náà la jọ ní."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe. Ó hun ọrùn, ó wọ̀ ọ́ níwájú dígí, ó rí i pé òsì fi díẹ̀ gùn ju ọ̀tún lọ. Ó tú u. Ó tún un hun. Ṣóńṣó náà kò bọ́ sí àárín àyà. Ó tún tú u. Ẹlòmíràn kò lè rí àbùkù náà, àmọ́ lójú Fadérera, ẹ̀wù yìí ni ẹ̀bẹ̀, ẹ̀bẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wọ́. Títú náà pọ̀ débi pé òwú ń hu irun.

Ọyẹ́ tètè dé lọ́dún yẹn. Kùrukùru bo òkè, ètè gbogbo èèyàn sán. Oyètúndé, ọkọ Ìbídùn, sọ̀kalẹ̀ wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, àbúrò yín kí yín. Ara rẹ̀ ò yá. Ó gbọ́ pé ẹ ń hun ẹ̀wù fún òun."

Fadérera fi ìró bo ẹ̀wù náà. "Kò tíì parí o. Kò tiẹ̀ lápá."

"Ó ní kí ẹ máa mú un bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí kò lápá, kò burú, bí ẹ bá ṣáà ti wá."

"Ẹ bá mi sọ fún un kó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò fẹ́ kó rí i báyìí."

Oyètúndé dágbére, ó gòkè lọ. Bó ti lọ tán, Fadérera tún yẹ ọrùn ẹ̀wù náà wò, ó sì tún tú u.

Ó hun ún tọ̀sán-tòru. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ara ẹ̀wù ti dé ìdí, ọwọ́ ọ̀tún ti parí, ó ń hun ọwọ́ òsì lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ẹkún láti òkè. Ó sáré gòkè, abẹ́rẹ́ ń fì lára ẹ̀wù.

Ìyá ìyá mi wà lára àwọn tó ń tọ́jú òkú. Ó ní Fadérera kò sunkún. Ó gbé orí àbúrò rẹ̀ sókè, ó wọ ẹ̀wù náà fún un. Ọrùn rẹ̀ fẹ̀ jù. Ìbídùn ti rù kọjá ohun tí ẹni tí kò rí i fún ọdún méjì lè mọ̀. Ẹ̀wù yọ́ kúrò léjìká rẹ̀, àyà rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Fadérera fà á sókè, ó tún yọ́. Ó fà á, ó tún yọ́.

"Ó tó, Fadérera," ni ìyá ìyá mi wí, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Òtútù ò mú un mọ́."

Oyètúndé ló wá sọ̀rọ̀ láti igun yàrá. "Láti ìjẹta tí mo ti jíṣẹ́ yín, ó ní kí n yí ibùsùn òun kọjú sí ẹnu ọ̀nà."

Fadérera lò tó ọgbọ̀n ọdún sí i láyé, kò sì hun nǹkan mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tù ú nínú pé ó kúkú gbìyànjú, èsì kan ṣoṣo ló máa ń fọ̀: "Ọyẹ́ kì í dúró de ẹni tó ń tú ẹ̀wù hun."

Nítorí náà, àwọn àgbà wa kì í pa òwe yìí fún ọ̀lẹ. Ẹni tó jẹ gbèsè ẹ̀bẹ̀, tó ń wá ọ̀rọ̀ tó dùn jù lọ tí òun yóò fi bẹ̀bẹ̀, ni wọ́n ń pa á fún. Àti ẹni tó fẹ́ ṣe ìrànwọ́, tó ní ó dìgbà tí gbogbo nǹkan bá pé. Wọ́n á pa á, wọ́n á sì fi ọwọ́ júwe ọ̀nà fún un pé kó dìde, kó máa lọ.